Ọjọ́ Tí Màmá Rútù Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Ẹnì kan dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti gba ọ̀nà ọ̀fun mi dáadáa mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ọpẹ́ kì í pa ènìyàn, mo sì mọ̀ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́ ni àwọn àgbà máa ń bá wí. Ṣùgbọ́n irú ọpẹ́ tí mo gbà lọ́jọ́ náà, ó sàn kí màmá yẹn gbá mi létí. Ó sàn kí ó da omi ọbẹ̀ gbígbóná sí mi lára lójú gbogbo ìjọ tó pé síbẹ̀. Inú ń bí mi, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi sí àbúrò mi, inú ń bí mi sí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un títí di òní, ṣùgbọ́n èyí tó le jù níbẹ̀ ni pé inú ń bí mi sí ara mi, nítorí pé ẹnu mi ni irọ́ náà ti jáde, ọwọ́ mi ló sì gbé oúnjẹ náà kalẹ̀. Ẹ sún mọ́ mi kí n rò ó fún yín bí ó ṣe tò.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyókù tí mo mọ̀, èmi ni mo kọ́ ara mi. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ ni mo ti ń kọ nǹkan sílẹ̀: ọjọ́ tí eyín kọ́kọ́ hù lẹ́nu àkọ́bí mi, ohun tí ìyá mi wí àti ọjọ́ tó wí i, ẹni tó wá kí wa àti ohun tó jẹ, àgúnmu tó wo ikọ́ àti èyí tí kò wò ó. Ìwé náà ti di mọ́kànlélógún báyìí, inú àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà ní àpátímẹ́ǹtì wa ní Balch Springs ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ mi máa ń fi èdè Òyìnbó bi mí pé ta ló máa kà á. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹni tó bá gbàgbé ni yóò kà á.

Ọdún kejì tí a dé Dallas ni mo rí iṣẹ́ abọ́ fífọ̀ ní délì kan. Délì ni wọ́n ń pe ilé oúnjẹ àwọn Júù níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran màlúù tí wọ́n fi iyọ̀ àti èéfín tọ́jú, èyí tí wọ́n ń pè ní pasitirámì, pẹ̀lú búrẹ́dì aláwọ̀ eérú tí èèpo rẹ̀ le, àti kùkúḿbà kíkan láti inú àgbá. Lára gíláàsì ẹnu ọ̀nà, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni ibẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà: Abe. Kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kà níbẹ̀? Abẹ ni mo kà. Mo wọlé, mo bá bàbá apárí kan tó di ọ̀bẹ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ mú, tó ń gé ẹran jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ṣí Bíbélì láti ojú ewé kan sí èkejì. Mo ní nínú ara mi pé òótọ́ ni, orúkọ ń ro ènìyàn! Bí mo ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Abẹ nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni mo wá gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀, Màmá Rútù, ṣe ń pè é láti inú ilé ìdáná: "Éébù! Éébù!" Àánú bàbá ṣe mí. Mo ní irú ìyàwó wo ló ń pe ọkọ rẹ̀ ní èébú? Àṣé bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà ní èdè Òyìnbó nìyẹn. Lára gíláàsì, abẹ. Lẹ́nu ìyàwó, èébú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́kàn o, nítorí pé orí wọn ni ilé oúnjẹ náà dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti abẹ. Igẹ̀ màlúù ni wọ́n ń lò. Bàbá á rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ tó ní aáyù, ata dúdú àti èso kan tí wọ́n ń pè ní kóríáńdà, fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, ojoojúmọ́ ni yóò sì máa yí i padà bí ẹni ń yí ọmọ tuntun lójú oorun. Lẹ́yìn náà, á fi ata dúdú tí a gún ra á lára, á fi èéfín yan án, á tún fi ooru omi sè é títí fọ́ọ̀kì yóò fi wọ inú rẹ̀ tí yóò sì jáde láìjà. "Láìjà" ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí fọ́ọ̀kì bá ṣì ń bá ẹran jà, ẹran kò tíì jinná nìyẹn, bí àwọn oníbàárà tilẹ̀ tò dé etí títì. "Ẹran kì í kánjú," á wí, "ìwọ lò ń kánjú." Ọwọ́ ló fi ń gé e, kò gba ẹ̀rọ láyè, dábùú iṣan ló sì ń gé e, nítorí pé ẹni tó bá tẹ̀lé iṣan gé ẹran ń fún oníbàárà ní okùn jẹ. Bí ẹnì kan bá béèrè máyónéèsì, ọ̀bẹ ni Bàbá máa fi tọ́ka ilẹ̀kùn fún un.

Wàràkàṣì kò gbọdọ̀ fara kan ẹran nínú ilé yẹn. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Kì í ṣe pé ìwé ẹ̀rí àlùfáà Júù wà lára ògiri wọn, Bàbá fúnra rẹ̀ a máa ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ ìsinmi wọn. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó fi di èyí mú tó sì jọ̀wọ́ ìyẹn. Ó ní, "Ìyá bàbá mi kò jẹ ẹ́." Ó parí. Àlàyé náà tó mi. Ní agboolé tiwa, a kì í jẹ okété, mi ò sì rí ẹni tó bi ìyá mi ní ìdí rẹ̀ rí. Èèwọ̀ ilé ni. Ilé tí kò ní èèwọ̀, ṣé ilé ni àbí ibùdókọ̀?

Ó wá ku ti èébú. Ní ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, Bàbá gbé àwo kan tí mo fọ̀ sókè sí ojú fèrèsé. Ó ní, "Ṣé o fọ eléyìí ni, àbí o kàn sọ ìtàn omi fún un?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ, mo sunkún, mo sì ti pinnu pé mi ò ní padà wá lọ́la. Màmá Rútù ló wá kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kúkúrú ni, òun ló ń se ọbẹ̀ adìyẹ wọn, tó máa ń fi ìyẹ̀fun róbótó róbótó sínú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, jáde. Ṣé o ò rí i pé ó fẹ́ràn rẹ ni? Ọjọ́ tí Éébù bá sọ fún ọ pé 'Ẹ ṣeun, màdáámù, ó dára gan-an,' kí o di ẹrù rẹ. Àlejò àti lọ́yà nìkan là ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí."

Ẹ wò ó, òótọ́ ló sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sílẹ̀. Dókítà ńlá kan á wọlé, Bàbá á ní, "Jókòó, o jọ ẹni tí wọ́n gbàgbé láti sin. Ta ló ń fún ọ lóúnjẹ nílé, ọ̀tá rẹ?" Dókítà á rẹ́rìn-ín, á jókòó, á jẹ ẹ́ tán pátápátá. Opó kan láti ìlú Allen wà tó máa ń dá wá jẹun ní ọjọ́ Ẹtì. Bí Bàbá bá ti rí i, á pariwo pé, "O tún dé! Ṣé kò sí oúnjẹ ní Allen ni?" Ojú obìnrin náà á sì mọ́lẹ̀ kedere, nítorí pé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ibẹ̀ nìkan ni ẹnì kan ti kíyè sí i pé òun dé. Mo ti jẹun ní ilé oúnjẹ tó lẹ́wà ju ibẹ̀ lọ ní ìlú yìí, tí wọ́n á máa fi ẹ̀rín músẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ bí mo bá kú.

Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe máa bú àgbà? Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi wá ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù nínú ilé ìdáná, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ àgbò tí òjò pa." Bàbá ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Háà! Ọkùnrin náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó di etí tábìlì mú, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. "Rútù! Rútù! Wá wo bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ bú ènìyàn!" Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń gba èébú tirẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, èmi náà sì ń gba tèmi. Adìyẹ tí òjò pa ni Màmá Rútù sọ mí. "Adìyẹ mi tí òjò pa, ṣé o ti jẹun?" Ìyá tó bí mi lọ́mọ kò fi orúkọ kan pè mí tó dùn mọ́ mi ju ìyẹn lọ.

Ọdún mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀. Láti ibi abọ́, mo dé ibi àgbá kùkúḿbà. Láti ibi àgbá, mo dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ. Bàbá kò kọ ohunkóhun sílẹ̀ rí. Bí ó bá bu iyọ̀ lọ́wọ́, èmi ni mo máa ń ní kí ó kọ́kọ́ dà á sórí òṣùwọ̀n kí n tó jẹ́ kí ó dà á sómi. Mo kọ iye wákàtí tí èéfín fi kàn án. Mo kọ ìró tí omi ń dún bí ooru bá ti tó. Ìwé kẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún nínú ìwé mi, tirẹ̀ ni méjèèjì. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó gbé ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Má gé ara rẹ o, mi ò ní báńdéèjì fún òmùgọ̀." Mo mọ ohun tó ń sọ fún mi. Ó kú ní ìgbà òtútù, ọdún méjì sẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kò fẹ́ iṣẹ́ náà, Màmá sì ti ilẹ̀kùn pa.

Àbúrò mi ọkùnrin ń jẹ́ Délé. Èmi àti òun nìkan ni ìyá wa bí. Allen ló ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe kí ilé-iṣẹ́ wọn tó dá a dúró ní ọdún tó kọjá. Ẹni tó máa ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì wá ń sá pamọ́ sẹ́yìn. Ó dùn mí dọ́kàn. Nítorí náà, nígbà tó wá bá mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ká ṣí délì tiwa, àwọn ènìyàn ṣì ń dárò bàbá yẹn," omi bọ́ lójú mi. A jọ lọ sọ́dọ̀ Màmá Rútù láti tọrọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Màmá wo Délé láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ṣé àbúrò rẹ nìyí? Ó jọ ẹni tó ń fi ṣíbí jẹ búrẹ́dì." Inú mi dùn, mo mọ̀ pé ó ti gbà á sílé. Délé kò mọ̀, ó fa ojú ro. Màmá gbé ọ̀bẹ ọkọ rẹ̀ jáde nínú aṣọ ìnuwọ́, ó gbé àwòrán rẹ̀ tó máa ń wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù tì í. Ó di ọwọ́ mi mú. "Orúkọ rẹ̀ nìyí. Kò sí wàràkàṣì lórí ẹran, kò sí ẹlẹ́dẹ̀, ìwọ ni kí o sì gé e." Mo ní, "Mo gbà, Màmá." Délé náà ní òun gbà. Nígbà tí a dé orí títì fúríwéè, mo tún ṣàlàyé fún un pé èèwọ̀ ilé wọn nìyí, bí okété ṣe jẹ́ ní ilé tiwa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti yé mi. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Nígbà tó ku ọjọ́ méjìlá kí a ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Allen, mo rẹ igẹ̀ màlúù sínú omi iyọ̀. Àràárọ̀ ni mo ń wakọ̀ láti Balch Springs lọ yí i padà. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo débẹ̀, mo bá àgbá lófìfo, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Mo ní, "Délé, ẹran mi dà?" Ó ní òun ti kó o dànù. "Ó ti ń rùn, Ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló ń dúró ọjọ́ mẹ́wàá de ẹran ní Amẹ́ríkà?" Ó ń rùn! Aáyù ló ń gbọ́, ó ní ó ń rùn! Páálí ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹran tí wọ́n ti sè níbòmíràn, tí ẹ̀rọ ti gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí bébà, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí òun fúnra rẹ̀ lọ kó ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Lancaster. Ó ti tẹ ìwé oúnjẹ jáde pẹ̀lú. Èyí tó fi orúkọ Bàbá pè níbẹ̀, ẹran ni, pẹ̀lú wàràkàṣì yíyọ́, máyónéèsì, àti ẹlẹ́dẹ̀ díndín fún ẹni tó bá fẹ́. Lára gíláàsì, ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ ọ́ pé: Ojúlówó Délì Júù.

Ojúlówó! Ẹ bá mi wò ó. Ṣé inú ike ọ̀dà ni ojúlówó ń gbé? Bí a bá gbé àwòrán òkú kọ́ ògiri, ṣé òkú náà máa sọ̀ kalẹ̀ wá gé ẹran ni? Ohun tí ọkùnrin kan fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dúró ti ooru omi ṣe, àbúrò mi rò pé òun lè fi lẹ́tà mẹ́rìnlá rọ́pò rẹ̀! Mo bi í pé, "Bí ẹnì kan bá se okété sínú ìkòkò ìyá wa, tó wá gbé àwòrán ìyá wa kọ́ sókè ìkòkò náà ńkọ́?" Ó gbé páálí kan gun èkejì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Pásítọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo ìjọ ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí." Ohùn tó fi sọ ọ́, ohùn ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ni. Ohùn yẹn ló mú mi. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá wí fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo wí fún un lẹ́ẹ̀kan, mo sì panu mọ́. Fóònù wà lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀lé e, mi ò pe Màmá Rútù.

Ọjọ́ Àìkú pé. Lẹ́yìn ìsìn, ìjọ ya wọ ṣọ́ọ̀bù, pásítọ̀ gbàdúrà. Màmá Rútù dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó wọ aṣọ búlúù tó wọ̀ ní ọjọ́ tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ pa. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo sáré mú ìwé oúnjẹ kúrò lórí tábìlì kí ó tó yọ awò ojú rẹ̀ jáde. Mo wọ inú ilé ìdáná. Délé ti ní kí wọ́n to gbogbo oúnjẹ náà sílẹ̀ ṣáájú, kò sí èyí tí wàràkàṣì kò sí lórí rẹ̀. Mo mú ọ̀kan tí kò ní ẹlẹ́dẹ̀, mo fi ìka ara mi bó wàràkàṣì náà kúrò, mo fi bébà nu máyónéèsì rẹ̀, mo fi mọ́sítádì bo ojú rẹ̀, mo gbé e lọ fún obìnrin tó sọ mí di ọmọ. Òun tó di ọwọ́ mi mú! Mo gbé èèwọ̀ ilé rẹ̀ síwájú rẹ̀ lábẹ́ àwòrán ọkọ rẹ̀.

Ó bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tẹ́tí sí nǹkan. Ó ní, "Ta ló gé e?" Pásítọ̀ dúró lápá ọ̀tún mi, Délé dúró lápá òsì. Mo ní, "Èmi ni, Màmá." Ó wo ọwọ́ mi. Ó gbójú sókè wo àwòrán. Ó wá rọra sún àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu ẹnu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, màdáámù. Ó dára gan-an."

Délé pariwo, "Ẹ gbọ́ ohun tí Màmá wí! Ó ní ó dára!" Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo gbọ́ ohun tó sọ. Màmá bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń bọ lọ́yà lọ́wọ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ.

Mo mú ọ̀bẹ Bàbá kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Àwọn ará ìjọ ti pe ìpàdé lé mi lórí. Wọ́n ní kí làǹtí yìí ń jà sí, ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ ba iṣẹ́ àbúrò jẹ́ nítorí wàràkàṣì! Délé ti padà sí ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ènìyàn ń tò ní Allen, wọ́n ń kọ ọ́ sórí fóònù pé ojúlówó ni. Àwòrán Bàbá ṣì wà níbẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ń dín lábẹ́ imú rẹ̀. Mo ní kí Délé fún mi ní àwòrán náà, ó ní àwòrán náà ló ń mú oníbàárà wá.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ gbà mí. Igẹ̀ màlúù kan wà nínú omi iyọ̀ nínú fíríìjì mi báyìí, ní Balch Springs, bí ó ṣe wà nínú ìwé kẹrìnlá. Òní ló pé ọjọ́ keje. Tí ó bá jinná, tí fọ́ọ̀kì wọ inú rẹ̀ láìjà, mo fẹ́ gbé e lọ sílé Màmá Rútù pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ọkọ mi ní kí n gbé ẹran lọ kí n má sì sọ ti wàràkàṣì, pé àǹfààní wo ló wà nínú kí arúgbó mọ̀ pé òun ti jẹ èèwọ̀? Èmi sì ń wò ó pé bí mi ò bá sọ ọ́, irọ́ kejì nìyẹn, ẹran náà kò sì ní gbà á mọ́ra. Ṣé kí n sọ ọ́ ni, àbí kí n gbé e mì? Ẹ má tan ara yín láé, ẹni tó bá gba orúkọ ilé kan, ó ti gba èèwọ̀ ilé náà mọ́ ọn.

Bí Màmá bá ṣí ilẹ̀kùn tó ní, "Ẹ káàbọ̀, màdáámù," màá gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, màá sì yí padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá wò mí láti òkè délẹ̀ tó ní mo jọ adìyẹ tí òjò pa, màá kúnlẹ̀ síbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, màá ní kí ó máa bú mi lọ. Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ẹran kì í kánjú, ṣùgbọ́n Màmá Rútù ti lé ní ọgọ́rin ọdún.